Ewúrẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìwé wa yìí, tí ẹ sì ń ráhùn pé fọ́tòkọ́pì rẹ̀ kì í hàn dáadáa, ẹjọ́ kan ni mo gbé wá o. Ẹjọ́ ọ̀hún kàn mí, ẹ má retí pé n ò ní ṣègbè.

Ọmọ ìlú mi kan wà tí a jọ ń gbé yàrá kan náà. Òkè-Ọ̀pin ni àwa méjèèjì ti wá. Èmi ń kọ́ Yorùbá, òun ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, ó tan àbẹ́là, ó da íǹkì dúdú sínú ìdérí ike, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ya ewúrẹ́. Kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ewúrẹ́ náà ní. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ọrùn rẹ̀ gùn bí okùn kànga, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí àwọn ará yàrá kejì wọlé, mo ní, "Ẹ wá wo ewúrẹ́ tí mọ́tò gbá!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ bébà náà kúrò, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bi mí pé, "Akéwì, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹni tó bá ya ẹranko lọ́nà tí Ọlọ́run ò gbà dá a, ṣé irọ́ ló pa?

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé Picasso ló ń sín jẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ló burú níbẹ̀? Ó ṣí ìwé kan, ó fi akọ màlúù tí Picasso yà hàn mí. Láti December 1945 wọ January 1946, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọkùnrin yẹn tún màlúù kan ṣoṣo yà sórí òkúta ìtẹ̀wé. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ sanra, ẹran kún ara wọn bí màlúù ọjà. Bó ṣe ń lọ ló ń yọ nǹkan kúrò, ó yọ irun, ó yọ ẹran, títí tó fi ku ìlà bíi mélòó kan, màlúù náà ò sì yéé jẹ́ màlúù. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, mo rò pé ọwọ́ mi ti bà á. Mo ní, "Ìwọ wá ńkọ́? Orí ìkọkànlá lo ti bẹ̀rẹ̀!"

Mo tún fi àwọn baba wa kún un. Mo ní Òsì kò jìnnà sí wa, níbi tí Aréògún ti gbẹ́gi títí tó fi kú ní 1954, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aréògúnyánnà, nítorí pé ó ń rí owó nídìí irinṣẹ́ Ògún, ó sì ń ná an fàlàlà. Odò-Ọwá náà nìyẹn, ìlú Bámigbóyè. Picasso fúnra rẹ̀ wo ère àti agójú Áfíríkà ní Paris ní 1907, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Ọmọ Ọ̀pin wá lọ ń tọrọ epo lọ́wọ́ ẹni tó wá bu epo nílé rẹ̀!

Ó ní, "Mú mi dé ibi tí iṣẹ́ Bámigbóyè wà." N ò rí nǹkan sọ. Ní 2022, ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ baba náà jọ fún àfihàn ńlá. Ta ni nínú wa tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú? Màlúù Picasso wà nínú ìwé ní láíbìrì wa.

Ó tún bi mí nípa ẹṣin orí ère Ẹpa. Ẹni tó gun ẹṣin yẹn tóbi débi pé bó bá sọ̀ kalẹ̀, ó lè gbé ẹṣin sábẹ́ abíyá. Agbẹ́gilére ò ṣàì mọ bí ẹṣin ṣe tóbi tó. Ipò ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọn ò fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó pe ìyẹn ní irọ́. Twins Seven Seven náà ńkọ́, tó jẹ́ oníjó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo ní 1964? Ẹranko tirẹ̀, ara wọn kún fún ìlà àti àmì wínníwínní, ayé sì gbà á.

Mo ní ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ti wo nǹkan pẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Ẹni tí kò wo nǹkan rí tó ń yí i, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Mo ṣì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ títí di òní.

Ó dákẹ́. Ó fa ìwé wa ti ọdún tó kọjá yọ, ó ṣí i síbi ewì mi tí mo fi ki ẹkùn, èyí tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún.

"O ti rí ẹkùn rí?"

N ò rí i rí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ti ọgbà ẹranko pàápàá n ò rí. Inú ìwé ni mo ti kó ẹkùn mi, àwọ̀ rẹ̀, èékánná rẹ̀, ìrìn rẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ó ní ewúrẹ́ òun, ìyá òun ló ni ín. Òun lòun gbẹ̀bí fún un lọ́dún tó bí ìbejì. Ọjọ́ tí ìyá ń wá owó tí òun máa fi wọlé síbí, alápatà ni wọ́n tà á fún. Ewúrẹ́ náà kọ̀ láti lọ. Wọ́n fi okùn fa ọrùn rẹ̀, alápatà sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú lẹ́yìn, ó ń tì í. "Ẹsẹ̀ kẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀," ló wí. "Bébà ò gbà á."

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà. Bí kò bá sọ fún mi ńkọ́, ṣé àwòrán yẹn ì bá ṣì jẹ́ òótọ́? Mo lérò pé bẹ́ẹ̀ ni, torí ọrùn tó gùn yẹn, ẹnu tó là yẹn, mo rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí wọn, mo sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí àwọn èèyàn wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká fi sí iwájú ìwé wa yìí. Ó ní rárá, fọ́tòkọ́pì á sọ ọ́ di èérí lásán. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ṣì wà. Ewì ẹkùn kejì tí mo ti fún olóòtú, mo ti lọ gbà á padà.