Kí N Lọ Ni, Tàbí Kí N Dúró?

Ibi Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 12:10–20, 26:1–22, Rúùtù 1:1–22, Jeremáyà 29:4–7

Ète Ẹ̀kọ́: Láti ran ara wa lọ́wọ́ kí a lè gbé ọ̀rọ̀ kíkúrò nílùú ẹni àti dídúró síbẹ̀ ka orí ìwọ̀n kan náà, láìṣe ojúsàájú.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará nínú kíláàsì àwọn àgbà, ẹ wo àyíká yín ní òwúrọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń tẹ dùùrù fún ìjọ yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti wà ní Kánádà. Nọ́ọ̀sì tó máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ìyá àgbà lẹ́yìn ìsìn lè ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ní jápa. Nígbà tí ẹnì kan bá ń lọ, a ó gbàdúrà fún un, a ó sì fi owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nígbà tó bá lọ tán, àwọn kan nínú wa a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, àwọn mìíràn a sì máa wá ọ̀nà tí àwọn náà yóò gbà lọ. Ṣùgbọ́n a kì í sábà jókòó pọ̀ kí a bi ara wa léèrè pé: ó ha tọ́ láti lọ? Ó ha tọ́ láti dúró?

Ẹ̀kọ́ yìí kò ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ tàbí kí ó dúró. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa ni pé lílọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dídúró kì í ṣe òdodo. Ohun tó ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú ni ìdí tí a fi ṣe é, bí a ti ṣe é, àti ẹni tí a jẹ́ kí ó ru ẹrù rẹ̀.

ÌTÀN ÌYÀN MẸ́TA

Ìwé Mímọ́ sọ fún wa nípa àwọn mẹ́ta tí ìyàn mú nílùú wọn. Ábúráhámù lọ sí Íjíbítì. Ísáákì ọmọ rẹ̀ fẹ́ tọ ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n Olúwa ní kí ó má lọ. Ó dúró sí Gérárì, ó fúnrúgbìn lọ́dún náà, ó sì kórè ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Élímélékì kó aya rẹ̀ àti ọmọkùnrin méjì lọ sí Móábù. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú síbẹ̀, Náómì sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

A ti fi ìtàn Élímélékì dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí kìíní ìwé Rúùtù dáadáa. Kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé torí pé ó kúrò nílé ni ó ṣe kú. Bí kò bá sì lọ, Rúùtù ará Móábù ì bá má dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, a kì bá sì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìran Dáfídì.

Ẹ tún wo baba àti ọmọ. Ábúráhámù tó lọ purọ́ ní Íjíbítì pé arábìnrin òun ni aya òun. Ọ̀pọ̀ wa rántí èyí. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé Ísáákì tó dúró pa irọ́ kan náà gan-an ní Gérárì (Jẹ́nẹ́sísì 26:7). Ẹ̀rù ló mú baba purọ́ lẹ́nu àjò, ẹ̀rù náà ló sì mú ọmọ purọ́ ní ilẹ̀ tí a ní kí ó dúró sí. Nítorí náà, kí ẹni tó lọ má rò pé ojú ọ̀nà nìkan ni ìdánwò wà, kí ẹni tó dúró má sì rò pé òun ti bọ́.

ÀWỌN BABA WA NÍ GÓÒLÙ KÓÒSÌ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957, nígbà tí à ń pè é ní Góòlù Kóòsì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìlọrin àti ìlú mìíràn ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ lọ́jà ní Àkrà, ní Kùmásí àti ní Tàmálè. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn kan sì kọ́lé. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà láàárín wọn dá ìjọ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi èdè Yorùbá jọ́sìn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ ní láti fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀, kí ó sì kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹni tó ti kọ́ yàrá méjì sílé rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹni tí kò ní di àlejò nílùú baba rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé apá kejì ìtàn náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀ wa, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí ọ̀pọ̀ wọn fi kó ẹrù ni à ń pè ní Ghana Must Go títí di òní.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, ilẹ̀ onílẹ̀ lè yí ohùn padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn àgbà tó ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko kò sọ ọ́ lásán. Èkejì, ìrìn àjò àwọn baba wa kò já sí asán. Wọ́n fi ọjà sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣì wà ní Gánà, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn.

ÌHÀ MÉJÌ ÌWỌ̀N

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tó fẹ́ lọ. Láti ọdún 2019 títí di oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000 náírà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000. Dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, ṣùgbọ́n ó ti kọjá 1,500 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ bọ́ ọmọ mẹ́ta, kí a má wàásù ìfẹ́ ìlú ẹni fún un kí a tó gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sílé láti òkè òkun ní ọdún 2023 tó bí ogún bílíọ̀nù dọ́là. Nínú owó yìí ni owó ilé-ìwé, owó oògùn àti owó páànù tó wà lórí ilé ọ̀pọ̀ ìyá wa ti jáde. Yàtọ̀ sí owó, ẹni tó bá rìn a máa gbọ́n. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ti ẹni tó dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Bírítéènì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó fẹ́ wá láti òkè òkun. Ẹni tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kò lè rí ilẹ̀ náà rà padà nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Ẹrù mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti ẹni tó lọ. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó rárá, tí kò sì yẹ kí àwọn ẹlòmíràn máa dìídì wá gbà wọ́n síṣẹ́. Aláìsàn tó dé ọsibítù tí kò rí dókítà, òun náà wà lára àwọn tó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú.

ÈMI ÀTI ÀBÚRÒ MI

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ ni mí. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Bírítéènì ṣí ọ̀nà fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn láti gba ìwé àṣẹ olùkọ́ wọn. Mo kó àwọn ìwé ẹ̀rí mi jọ sínú fáìlì kan. Àbúrò mi ọkùnrin ti lọ ní ọdún tó ṣáájú, òun àti aya rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú arúgbó níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá wa. Mo ti fáìlì náà sábẹ́ ibùsùn.

Inú bí mi sí àbúrò mi gidigidi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo sọ fún un lórí tẹlifóònù pé, “Arúgbó ẹlẹ́ni ni ìwọ ń gbé dìde lówùúrọ̀. Èmi ni mò ń gbé ìyá tó bí ọ.”

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò bi yín kí n tó lọ bóyá ẹ lè dá ẹrù Màmá gbé. Mo kàn gbà pé ẹ wà nílé ni. Ṣùgbọ́n, ẹ má bínú, ṣé Màmá nìkan ló dá yín dúró? Fáìlì yẹn ti wà nílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ṣàìsàn.”

Èmi kò sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ di ẹni tí ọmọdé yóò máa kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ti di olùkọ́ àgbà nílé. Mo fi àìsàn ìyá wa bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀, mo sì ń gba ìyìn àwọn ará ìjọ lé e lórí. Irọ́ Ísáákì ni mò ń pa.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá wa, ó fi ẹnu tó wọ́ díẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Owó àbúrò rẹ ló ń ra oògùn. Ọwọ́ tìrẹ ló ń fún mi lò ó. Èwo ni kí n dá padà níbẹ̀?”

Láti ìgbà náà ni àbúrò mi ti ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù fún obìnrin kan tó ń wá jókòó ti ìyá wa, kí n lè lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà mú fáìlì jáde, èmi àti aya mi sì jọ gbé e yẹ̀wò láìfi Màmá ṣe àwáwí. A pinnu láti dúró. A mọ iye tí yóò ná wa: àwọn ọmọ wa lè má rí irú ilé-ìwé tí àwọn ọmọ àbúrò mi ń lọ. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n a mọ ìdí tí a fi dúró, a sì lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n sì bi wá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ A GBỌ́DỌ̀ BI ARA WA

1. Kí ni mò ń sá fún, kí sì ni mò ń lọ ṣe? Ẹni tó mọ ohun tó ń sá fún nìkan kò tíì mọ ibi tó ń lọ.

2. Ta ni yóò gbé ẹrù tí mo bá sọ̀ kalẹ̀? Ǹjẹ́ mo ti bi í? Ìyá, aya, ọmọ tí a fẹ́ fi síta fún ẹ̀gbọ́n láti tọ́, akẹ́kọ̀ọ́, aláìsàn: gbogbo wọn ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tiwọn kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

3. Irọ́ wo ni mo ní láti pa kí n tó lè lọ, tàbí kí n tó lè dúró? Owó ẹlòmíràn tí a yá sínú àkáǹtì kí a lè fi han àwọn oníwèé, ìgbéyàwó tí kì í ṣe ìgbéyàwó, ọjọ́ orí tí a dín kù: irọ́ ni wọ́n. Kí ẹni tó ń dúró nítorí ọ̀lẹ máa pe ọ̀lẹ ní ìfẹ́ ilé, irọ́ ni èyí náà.

Bí a bá lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣe bí Jeremáyà ti kọ̀wé sí àwọn tó wà ní Bábílónì: kí a kọ́lé, kí a gbin ọgbà, kí a sì wá àlàáfíà ìlú tí a wà. Bí a bá dúró, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí Ísáákì ṣe ní Gérárì. Ó padà síbi àwọn kànga baba rẹ̀ tí àwọn Fílístínì ti dí, ó sì tún wọn gbẹ́. Wọ́n jà á lórí ọ̀kan, ó gbẹ́ òmíràn. Wọ́n tún jà á lórí ìyẹn, ó tún gbẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹni tó dúró tí kò gbẹ́ kànga kankan, ó kàn jókòó ni.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú Ábúráhámù, Ísáákì àti Élímélékì, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ipò tìrẹ mu jù, èé sì ti ṣe?

2. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí òbí ta ilẹ̀ ẹbí nítorí ìrìn àjò ọmọ kan? Ta ni ó yẹ kí a bi kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀?

3. Àwọn arúgbó wo nínú ìjọ wa ni ọmọ wọn wà ní òkè òkun? Kí kíláàsì yìí yan ẹni tí yóò lọ kí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì jábọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀.