Ẹni Tó Kọ̀wé Béèrè Ipò Ọ̀gá

Ìkéde iṣẹ́ ọ̀gá àgbà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í béèrè ohun kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà yóò jókòó kọ̀wé, yóò ka àṣeyọrí ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi yé wọn pé nínú gbogbo ẹni tó kọ̀wé, òun ló tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lórí fóònù ló ti jókòó sórí ẹní ilé kéú ní Pàkátà tàbí Òkèlélé kí wọ́n tó dé yunifásítì. Wọ́n ti gbọ́ hádíìsì Abdur-Rahman ọmọ Samura, ẹni tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún pé kó má ṣe tọrọ ipò àṣẹ. Ẹni tó bá tọrọ rẹ̀, òun nìkan ni wọn yóò fi ẹrù náà sílẹ̀ fún. Ẹni tí wọ́n gbé e fún láìtọrọ ni yóò rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ ọ̀gá?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán. Wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975, Yunifásítì Al-Hikmah tẹ̀ lé e ní 2005, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) sì bẹ̀rẹ̀ ní Malete ní 2009. Ìlú tó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí kò lè ṣaláìbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Tankẹ pẹ̀lú owó àpò ara wọn. Bó bá yá, àjọ kan láti òkè òkun á fẹ́ fún wọn lówó, á sì béèrè ẹni tí í ṣe ọ̀gá àgbà wọn àti bí wọ́n ṣe yàn án. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ni wọ́n lára. Ìkejì ló máa ń dá ariwo sílẹ̀.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà láti ya olùdásílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀gá. Ní Brain Builders Youth Development Initiative, tó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, Abideen Olasupo tó dá a sílẹ̀ kọ́ ni ìròyìn ọdún àìpẹ́ yìí ń pè ní ọ̀gá àgbà. Nurah Jimoh-Sanni ni. Ìlú náà sì mọ irú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ṣéù Àlímì, tí gbogbo ìdílé Ẹ́míà Ìlọrin ti ṣẹ̀ wá, kò jẹ Ẹ́míà rí títí ó fi kú. Abdulsalami ọmọ rẹ̀ ni Ẹ́míà àkọ́kọ́. (Ti pé ọmọ ló gorí ìtẹ́, oyè ilé nìyẹn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í ṣe oyè ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùdásílẹ̀ kan ń ṣe bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀.)

Ẹni tó bá rò pé hádíìsì Abdur-Rahman ti parí ọ̀rọ̀ yóò bá Ànábì Yúsúfù pàdé nínú Àlùkùránì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, ọba Íjíbítì fẹ́ fi í ṣe ẹni tó sún mọ́ òun, òun gan-an ló sì la ẹnu pé kí wọ́n fi òun ṣe olórí ilé ìṣúra ilẹ̀ náà. Ó tún yin ara rẹ̀: ó mọ nǹkan pa mọ́, ó sì ní ìmọ̀. Kò sí àlùfáà tó máa pe Yúsúfù ní olójúkòkòrò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ti rí ìyàn tó ń bọ̀, ó ti sọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú oúnjẹ ọdún méje nítorí ọdún méje mìíràn, kò sì sí ẹlòmíràn láàfin tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kan pàtó ló béèrè, pẹ̀lú ètò tó ṣeé yẹ̀ wò.

Ibí ni ìwé ìbéèrè méjì ti máa ń yà lọ́nà. Àwọn ọ̀dọ́ NGO wa fẹ́ràn oyè: Ambassador, Convener, Team Lead, gbogbo rẹ̀ tò sábẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kún fún oyè ń tọrọ oyè mìíràn ni. Ẹni tó kọ ohun tí yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò lọ sílé ìwé, iye tí yóò ná an àti ọjọ́ tí yóò jíhìn, ẹ̀yìn Yúsúfù ló tò sí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó bá ìgbanisíṣẹ́ mu jù lọ wà nínú Súrà Kasas, ìyẹn ìtàn Ànábì Mùsá ní Mádíyánì. Ó dé ibi kànga gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò ní nǹkan kan, ó rí obìnrin méjì tí ẹran wọn kò rí omi mu nítorí àwọn darandaran tó ṣáájú, ó fún ẹran wọn lómi, ó sì padà sábẹ́ ibòji láìbéèrè owó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ló gba bàbá wọn níyànjú pé kó gbà á síṣẹ́, nítorí ó ní agbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Bàbá náà kò kan ní kó máa bọ̀. Ó sọ èrè iṣẹ́, ó sọ ọdún: mẹ́jọ, bó bá wu Mùsá kó sọ ọ́ di mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Mùsá ní òun gbọ́, ó sì fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí.

Iṣẹ́ ti ṣíwájú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà ló sọ̀rọ̀, ọmọ ni, obìnrin sì ni. Àdéhùn náà sì ní ọdún tí yóò parí.

Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé agbára àti ìfọkàntán kì í sábà pàdé lára ẹnì kan. Ibn Taymiyya kọ ọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn pé kí wọ́n wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: bó bá jẹ́ ogun, kí wọ́n mú alágbára, bó bá jẹ́ ìtọ́jú owó, kí wọ́n mú olódodo. Abu Dharr, sàábé Ànábì tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ṣiyèméjì sí òdodo rẹ̀, Ànábì fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé ó jẹ́ aláìlágbára, kó má gba ipò lórí ẹni méjì pàápàá. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n á kúkú fún un ní iṣẹ́ náà, ẹgbẹ́ á sì wó lé e lórí.

Òfin Nàìjíríà náà ní tirẹ̀ láti sọ. CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti àjọ ti ọdún 2020, kò gba kí ọmọ ìgbìmọ̀ alámòójútó irú àjọ bẹ́ẹ̀ tún gba ipò olówó oṣù níbẹ̀, àyàfi ẹni tó jẹ́ pé ipò rẹ̀ ló gbé e dé inú ìgbìmọ̀. Olùdásílẹ̀ tó fẹ́ máa yan ọ̀gá, kó sì jẹ́ ọ̀gá, kó tún máa yẹ ìwé owó ọ̀gá wò, àfi kó tún òfin náà kà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ní ọdún 632, Usama ọmọ Zayd kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí Ànábì fi í ṣe olórí ogun tí àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn kùn, Ànábì sì gbèjà rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ànábì ti papò dà, Abu Bakr fi ẹsẹ̀ rìn sin Usama tó wà lórí ẹṣin, ó sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí Umar lè dúró ti òun ní Mẹ̀dínà. Olórí gbogbo Mùsùlùmí ló ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ yẹn. Kwara náà ti gbìyànjú díẹ̀: ní 2019, Joana Kolo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ṣì ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Jigawa nígbà tí gómìnà fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún kọmíṣọ́nà. Àwọn kan kùn nígbà náà pẹ̀lú.

Àmọ́ ọ̀dọ́ kì í ṣe ọ̀dọ́ títí láé. Nígbà tí wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ‘Young’ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà dàgbà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Òtítọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹgbẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún, tó ṣì ń gba owó lórúkọ ọ̀dọ́, kò ṣe irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Ìlọrin, ẹ má ṣe dá ẹni tó kọ̀wé béèrè lẹ́bi pé ó béèrè. Ẹ lọ wádìí ohun tó ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un, ẹ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, pàápàá àwọn tó kéré sí i. Kí ẹ sì kọ iye ọdún tí yóò lò sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kó tó fọwọ́ sí i.