Ojú Líle Òṣèré Aláwàdà

Kí ẹni tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́ dúró lórí ìtàgé, kí àwọn òǹwòran máa rẹ́rìn-ín, kí òun má sì rẹ́rìn-ín, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ju ọgbọ́n eré lọ: ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn ni kí ènìyàn mú ojú le nígbà tí ẹ̀rín ń pa á nínú?

Àṣà àwọn ará Burkina Faso ti dáhùn apá kan ìbéèrè yìí. Àwọn Mossi àti àwọn Samo ní àwàdà kan tí à ń pè ní rakiire: wọ́n lè bú ara wọn ní gbangba, ẹni tí a bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Kò sí ẹni tí ó ń pè é ní irọ́, nítorí tọ̀tún-tòsì ni ó mọ àdéhùn náà.

Síbẹ̀, ohun tí kì í ṣe ẹ̀tàn kò tí ì di ojúṣe. Ohun tí ó sọ ọ́ di ojúṣe hàn nínú iṣẹ́ Atelier Théâtre Burkinabè, tí Prosper Kompaoré dá sílẹ̀ ní Ouagadougou ní 1978. Ẹgbẹ́ náà ń ṣe irú eré tí Augusto Boal, ọmọ ilẹ̀ Brazil, gbé kalẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ ṣe eré dé òpin tí kò dára. Wọn a tún un ṣe, òǹwòran tí ó bá fẹ́ a sì gba ipò ẹni tí à ń ni lára, kí ó lè wá ọ̀nà àbáyọ.

Ká sọ pé bàbá kan fẹ́ fi tipátipá fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ. Obìnrin kan dìde láàárín èrò, ó gba ipò ìyá ọmọ náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo agbo fi bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹni tí ó ń ṣe bàbá bá bá wọn rẹ́rìn-ín, obìnrin náà ti borí. Ṣùgbọ́n òṣèré ni ó borí, kì í ṣe bàbá. Bàbá tí ó wà nílé kò ní rẹ́rìn-ín.

Èyí kò sọ pé kí òṣèré di òkúta. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tó ohun tí ó lè yí irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́kàn padà, kí bàbá yí padà. Ohun tí kò tọ́ ni kí òṣèré bá a gbà. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò sì ní rí èyí ṣe nípa gígé ètè jẹ. Ohun tí bàbá náà ń wá ni kí ó gbájú mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018), Bàbá Sàlá, ṣe: lórí ìtàgé, owó ń dun ahun tí ó ń ṣe dénú egungun, ìdí nìyẹn tí àwọn òǹwòran fi ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ọ̀wọ̀ ni ojú líle yẹn jẹ́ fún obìnrin tí ó dìde. Òṣèré tí ó mú un dúró gbà pé, bí eré bá tilẹ̀ parí, ìṣòro obìnrin náà kò tí ì parí.