Ìtanràn Kékeré

Àwọn olórí ẹgbẹ́ a máa bi wá pé, èwo ni ó sàn jù, kí òfin le tàbí kí ó rọ̀? Lójú tiwa, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ni pé, òfin tí a ti ṣe, ǹjẹ́ a ó lè mú un ṣẹ lára gbogbo ẹni tí ó bá rú u, ìbáà ṣe ọlọ́rọ̀, ìbáà ṣe opó?

Ẹ jẹ́ kí a wo èésú. Alùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní ọjọ́ tí a ti dá, lábẹ́ olórí kan, a sì ń kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkejì títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ kò ní èrè kan mọ́ nínú dídá èyí tí ó kù. Òfin nìkan ni ó dè é mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé ìjìyà ńlá ni yóò dí ihò yìí. Wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó yọ ọ́ kúrò. Bí ẹni ńlá bá wá pẹ́, ojú a máa tì wọ́n láti yọ ọ́. Bí opó tí ń ta ẹ̀kọ bá pẹ́, kíá ni wọn a rántí òfin. Láti ọjọ́ náà ni òfin ti kú. Ìwé rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Elinor Ostrom, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní ọdún 2009, wádìí àwọn ènìyàn tí ń pín omi, pápá oko tàbí ẹja láàrin ara wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990, ó fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́jọ́ a máa fi ìjìyà kékeré bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa fi kún un bí arúfin bá tún un ṣe. Ó mẹ́nu kan àwọn àgbẹ̀ Valencia ní ilẹ̀ Spéìnì, tí ń fa omi odò kan sí oko wọn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní agogo méjìlá ọ̀sán, àwọn adájọ́ mẹ́jọ, tí àwọn náà jẹ́ àgbẹ̀, a jókòó níwájú ilẹ̀kùn kàtídírà. Ẹnu ni a fi ń rojọ́, kò sí lọ́yà. Ìtanràn wọn kì í sábà pọ̀, ṣùgbọ́n gbangba ni a ti ń dá a.

Àwọn kan yóò wí pé ọlọ́rọ̀ yóò máa san ìtanràn kékeré, yóò sì máa pẹ́ lọ. Òótọ́ ni, nítorí náà ni ó fi yẹ kí ó máa ga sí i. (Ti ẹni tí ó kó owó sá lọ yàtọ̀, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni a ó mú.)

Ṣùgbọ́n bí olórí èésú fúnra rẹ̀ bá pẹ́ ńkọ́? Ní Valencia, bí ẹjọ́ bá kan ipa omi tí adájọ́ kan ń ṣe olórí rẹ̀, adájọ́ náà kì í bá wọn dá a. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọwọ́ olórí náà ni àpò owó wà, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tí ó pẹ́.