Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Iná Wa?

Òkè kan wà ní Georgswerder, ní ìlú Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, tí kì í ṣe Ọlọ́run ló dá a. Ààtàn ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ síbẹ̀, títí òkìtì náà fi ga tó mítà 40. Ní 1983, wọ́n bá májèlé dioxin nínú omi tó ń sun lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n bò ó pa, wọ́n da ilẹ̀ lé e, koríko hù. Lónìí, ará ìlú ń gùn ún lọ gbatẹ́gùn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ amúnáwá sì ń yí lókè orí wọn. Iná ibẹ̀ tó nǹkan bí ìdílé 4,000 lò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń pa ẹyẹ, ó sì ń pa àdán. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra, bí àwọn àgbà ti wí, àmọ́ wọn kò rí irin tó ń yí lójú ọ̀run nígbà náà. Ọmọ kan tàbí méjì péré ni ọ̀pọ̀ àdán ń bí lọ́dún. Èyí tó bá kú, ó ń pẹ́ kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ṣé ó wá tọ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá ọgbà ìgbafẹ́?

Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ta ló ń gbé ọ̀nà jíjìn?

Ní Fosen, lórílẹ̀-èdè Norway, ẹ̀rọ 151 ni wọ́n rì sórí ilẹ̀ tí àwọn Sámi, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ti ń da ẹran rẹindíà wọn nígbà òtútù. Ní oṣù kẹwàá 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé àṣẹ tí ìjọba fún àwọn ẹ̀rọ náà tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ọdún méjì kọjá, ẹ̀rọ ṣì ń yí. Ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó ń tan iná ló yẹ kó máa wo ohun tí iná náà ń ná ayé, nítorí ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní ti ẹyẹ àti àdán, àtúnṣe wà. Ní erékùṣù Smøla, ní Norway kan náà, wọ́n kun ọ̀kan nínú apá mẹ́ta ẹ̀rọ ní dúdú; ìwádìí tó jáde ní 2020 fi hàn pé ikú ẹyẹ dín kù ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀rọ mẹ́rin péré ni wọ́n kùn, kò tíì tó gbára lé pátápátá. Ti àdán ló dájú jù: alẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ kò le, ni wọ́n ń jáde, iná tí ìlú yóò sì pàdánù bí ẹ̀rọ bá dúró ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ìlú kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ kí wọ́n tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀: àwọn alẹ́ tí ẹ̀rọ yóò dúró, àti ẹni tí yóò máa ka òkú àdán láàárọ̀.