Orí Táyà Ni Wọ́n Fi Í Sí

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ wo mọ́tò tòkunbọ̀ kan ní ọgbà kan lẹ́bàá títì tó ti Ọ̀rẹ̀ wọ Òkìtìpupa. Kí n tó kí wọn tán, àga ti dé, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ti wà níwájú mi, ọ̀gá sì ti ń pè mí ní Dádì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọmọbìnrin kan jókòó sórí táyà àlòkù, ó gbé fáìlì lé itan. Ó wá ṣe íntáfíù iṣẹ́ títa mọ́tò. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún un. Aago kan ọ̀sán ti kọjá. Kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọwọ́ ọ̀gá dilẹ̀, kò pè é wọ inú ọ́fíìsì. Ojú gbogbo wa, oníbàárà, mẹkáníìkì, ọmọ tó ń fọ mọ́tò, ló ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Kò ṣí fáìlì náà. Ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ṣé ó ti lọ́kọ? Ọkọ ọ̀hún ńkọ́, ṣé á gbà kó máa bá oníbàárà jáde? Kó dìde ná, kó yíra padà, kí àwọn wò ó. Fóònù ọ̀gá dún, ó gbé e, ó ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ọmọ náà sì wà lórí ìdúró. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ló kẹ́yìn: bí oníbàárà bá fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́tò kan ti ní jàǹbá rí, kí ló máa sọ?

“Ohun tí ẹ bá sọ fún mi nípa rẹ̀ ni mo máa sọ, sà. Bó bá ti ní jàǹbá, mo máa sọ fún wọn.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irú èyí ò lè tajà láéláé. Ó ní kó máa lọ ilé, àwọn á pè é.

Corolla tí mo wá wò wà níbẹ̀, mítà rẹ̀ ń sọ pé kò tíì rìn tó 40,000 máìlì, àmọ́ ẹsẹ̀ ti jẹ rọ́bà pẹ́dàlì rẹ̀ dé orí irin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo bá tèmi lọ.

Ní 1975, ọ̀mọ̀wé T. A. Awóníyì kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi ọmọlúàbí ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ tí Yorùbá ń kọ́ ọmọ nílé. Ohun tí a sì máa ń kà mọ́ ọmọlúàbí kò ṣàjèjì: ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́. Bí ẹ bá bi mí léèrè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ǹ bá ní ọ̀gá onímọ́tò yẹn ní gbogbo rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó ṣe mí lálejò. Àṣé owó àpò mi ló ń kí. Wákàtí kan náà, ẹnu kan náà, ó ń wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀.

Kì í ṣe pé a ò mọ bí a ṣe ń gba èèyàn síṣẹ́. Télọ̀, kápẹ́ńtà àti mẹkáníìkì tó wà ní Òkìtìpupa àti Ìlútitun ti ń ṣe íntáfíù kí ẹnikẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á jókòó, ọ̀gá á béèrè ilé tí ọmọ ti wá, òbí náà á sì ti lọ fọgbọ́n wádìí ọ̀gá lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Wọ́n á dá iye ọdún, wọ́n á dá owó, wọ́n á sọ bí fíríìdọ́ọ̀mù ṣe máa rí, ẹlẹ́rìí á sì buwọ́ lùwé. N ò ní pè é ní ohun tó dára tán o. Ọmọ iṣẹ́ ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá, ó ń pọnmi, ẹgba sì ń bá a. Síbẹ̀, ọ̀gá wo ló máa sọ fún ọmọbìnrin pé kó dìde kó yíra padà, tí baba ọmọ jókòó síbẹ̀? Ohun tó yí padà nìyẹn. Nígbà yẹn, ìdílé ló ń tẹ̀ lé ọmọ wá. Lónìí, fáìlì nìkan ló gbé dání, ọ̀gá sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wá bi òun pé kí ló dé.

Ìjọba gan-an ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde nílẹ̀ yìí, Immigration, kó àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ lé ní 500,000, àyè tó wà kò tó 5,000, olúkúlùkù sì ti san 1,000 náírà. Èèyàn tó lé ní 15 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Bìní. Abba Moro, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ní àìnísùúrù àwọn tó wáṣẹ́ wá ló fà á. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Gba owó wọn, tì wọ́n mọ́ géètì, kí o tún bú òkú wọn.

Òótọ́ ni pé àwọn tó ń wáṣẹ́ náà ní tiwọn. Mo ti rí ayédèrú sàtífíkéètì, mo ti rí ẹni tó gbaṣẹ́ ní Mọ́ńdè tó di àwátì ní Wẹ́sìdeè. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ẹnu láti fi ọmọlúàbí bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ọmọ orí táyà yẹn mọ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ní kò lè tajà.

Òfin wà. Àtúnṣe Kẹta ti 2010 sí ìwé òfin Nàìjíríà fún National Industrial Court lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìfìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu níbi iṣẹ́, ilé ẹjọ́ ọ̀hún sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ padà sílé, ta ni yóò gba lọ́yà fún un?

Àwọn ọ̀gá máa ń sọ pé èrò ti pọ̀ jù, àwọn ò ráyè. Mo gbọ́. Àga kan kò gba àyè púpọ̀. Owó oṣù kò ṣòroó dárúkọ kí ọmọ tó wọkọ̀ wá. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò tó ogún náírà. Ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lójú ẹsẹ̀, kó lè dé ibòmíràn kí wọ́n tó ti géètì.