Ọkùnrin tó wà lábẹ́ fìlà

Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ orúkọ David Crockett, fìlà onírun tó ní ìrù lẹ́yìn ni wọ́n ń rántí, tàbí ikú rẹ̀ ní Alamo, ní Texas, lọ́dún 1836. Ilé iṣẹ́ Disney ló gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1954 sí 1955, ni gbogbo ọmọdé Amẹ́ríkà bá ń bẹ̀bẹ̀ fún fìlà. Èmi ò rí nǹkan kan wí sí fìlà. Ìwà ni mo ń wá.

Nígbà tó ti ogun tí wọ́n bá àwọn Creek, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, jà dé, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń ṣe ní Tennessee, wọ́n sì yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1821. Kò tíì jókòó tó gbóná tí àgbàrá fi gbé ilé ìlọ àgbàdo àti ilé ìpọntí rẹ̀ ní Shoal Creek lọ. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Elizabeth aya rẹ̀ ní kí àwọn san gbogbo gbèsè tán, ìbáà gba ohun gbogbo tí àwọn ní, kí àwọn wá tún bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe, wọ́n sì kó wọ igbó lápá ìwọ̀ oòrùn. Aṣòfin tó ta ohun ìní rẹ̀ nítorí gbèsè! Lóde òní, ipò gan-an ni wọ́n fi ń sá fún ẹni tí wọ́n jẹ, àwa náà á sì ní ọlọ́gbọ́n èèyàn ni.

Kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Ó ní ẹrú. Lójú ogun yẹn, ní Tallushatchee, lóṣù kọkànlá 1813, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ dáná sun ilé kan mọ́ àwọn jagunjagun Creek lórí. Ní ọjọ́ kejì, ebi lé wọn padà síbẹ̀. Wọ́n bá ọ̀dùnkún nínú ihò abẹ́ ilé náà. Ọ̀rá àwọn tó jóná ti ṣàn lé e lórí. Wọ́n jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1834, kò bu iyọ̀ sí i, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wà nílé aṣòfin àpapọ̀ ní 1830, nígbà tí Ààrẹ Andrew Jackson, ọ̀gá rẹ̀ lójú ogun, fẹ́ lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Òfin náà fi ìbò 102 sí 97 kọjá. Nínú gbogbo aṣojú Tennessee níbẹ̀, Crockett nìkan ló kọ̀ ọ́.

Ó ti pẹ́ tó ti ń jà kí ilẹ̀ lè tẹ àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ti Jackson ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n já a kulẹ̀ ní 1831, wọ́n tún mú un padà ní 1833. Nínú ìwé tí mo wí yẹn, ó ní ìbò tí òun dì lòdì sí òfin yẹn kò ní dójú ti òun lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó kọ ọ́ nígbà tó ṣì ń wá ojúure wọn. Ní 1835, wọ́n gbé Adam Huntsman wọlé dípò rẹ̀, ó fi ìbò 252 péré jù ú lọ.